Ohun Tó Ń Mú Ẹtu Bojú Wẹ̀yìn

Nígbà láéláé, kí oòrùn tó mọ ọ̀nà ilẹ̀ wa dáadáa, yìnyín ló bo gbogbo àwọn òkè wa mọ́lẹ̀. Kì í ṣe yìnyín wẹ́wẹ́ tó ń bá òjò rọ̀ lónìí, tí àwọn ọmọdé ń ṣà jẹ. Èyí rọ̀ bí òwú, ó sì jìn débi pé ẹranko lè rì sínú rẹ̀ dé ọrùn.

Láyé ìgbà náà, ẹtu kì í dá gbé. Agbo ńlá ni wọ́n. Wọ́n ń jẹ̀ pọ̀, wọ́n sì ń sùn ti ara wọn kí òtútù má baà pa wọ́n.

Àwọn ọ̀dọ́ inú wọn mọ bí wọ́n ṣe ń fi pátákó sáré lórí yìnyín. Wọ́n á la igi tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á fi òrí pa abẹ́ rẹ̀ kó lè máa yọ̀, wọ́n á fi okùn dè é mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, wọ́n á wá fi ẹsẹ̀ iwájú di ọ̀pá mú. Bí wọ́n bá ti fi ọ̀pá ti ilẹ̀ báyìí, fìrìrì, wọ́n ti dé ìsàlẹ̀ òkè.

Kò sí ẹni tó yára bí Àjàgbé nínú wọn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ ni Àwẹ̀ró, ọmọ opó kan nínú agbo náà. Àwẹ̀ró ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gun òkè láìyọ̀ padà sísàlẹ̀. Ehoro kékeré kan náà máa ń bá wọn ṣeré. Ọmọ agbo mìíràn ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti wà lórí pátákó, kò sẹ́ni tó ń rántí ìyẹn.

Lọ́dún kan, òtútù mú kọjá ààlà. Koríko tán pátá, àfi ní àfonífojì kan tí omi gbígbóná ti ń sun láti inú ilẹ̀. Agbo ẹtu ní tàwọn ni. Agbo ehoro ní irọ́ ni. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n fi ìwo àti eyín fa ara wọn ya.

Àgbọ̀nrín, tó jẹ́ àgbà lórí òkè náà, ló là wọ́n.

Ó ní, “Ẹ má para yín. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ sá eré. Kí wọ́n gbéra níhìn-ín, kí wọ́n gba inú igbó, kí wọ́n sọdá odò tó dì. Agbo tí ọmọ rẹ̀ bá kọ́kọ́ dé ìdí koríko ló ni ín.”

Láàárọ̀ ọjọ́ eré, Ehoro wo inú igbá rẹ̀, òrí ti tán níbẹ̀. Àwẹ̀ró bu tirẹ̀ fún un.

Àjàgbé fajú ro. Ó ní, “O bu òrí fún ẹni tó fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu wa?”

Àwẹ̀ró dáhùn pé, “Eré la fẹ́ bá a sá, a ò fẹ́ pa á. Ebi ń pa òun náà.”

Bàbá Àjàgbé pe ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn. “Wo àbúrò rẹ,” ló wí. “Wo bí egungun ìhà rẹ̀ ṣe yọ síta. Ohun yòówù kó dé, má dúró lọ́nà.”

Àjàgbé ní, “Mo gbọ́, bàbá.”

Bí wọ́n ṣe gbéra nìyẹn. Ehoro ló ṣíwájú nínú igbó, torí ó mọ bí a ṣe ń yà fún igi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti jáde sí gbangba, Àjàgbé yà á sílẹ̀. Àwẹ̀ró tẹ̀ lé Àjàgbé, èémí rẹ̀ ń kan án ní gìgísẹ̀.

Wọ́n bọ́ sórí odò. Àjàgbé gbọ́ tí yìnyín ń ké lábẹ́ rẹ̀, kẹ́, kẹ́. Ó sọdá. Kò tíì jìnnà tó fi gbọ́ ìró ńlá kan lẹ́yìn.

Ohùn Àwẹ̀ró tẹ̀ lé e. “Àjàgbé, dúró. Odò ti là mọ́ mi nídìí.”

Ó gbọ́ dáadáa. Ó rántí ìhà àbúrò rẹ̀. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé, “Yóò gòkè. Ó mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ.” Ó fi ọ̀pá ti ilẹ̀, ó ń lọ.

Àwẹ̀ró tún pè é. Lẹ́yìn náà, afẹ́fẹ́ nìkan ló kù.

Àjàgbé ló kọ́kọ́ dé. Agbo ẹtu yọ̀, wọ́n gbé e sókè, wọ́n kẹ́nu bọ koríko. Ó ń wo ojú ọ̀nà. Ó pẹ́ kí Ehoro tó yọ. Kò sí pátákó lẹ́sẹ̀ rẹ̀, omi ti dì mọ́ irun ara rẹ̀, ọ̀pá Àwẹ̀ró sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá Àwẹ̀ró bi í pé, “Ọmọ mi dà?”

“Mo na ọ̀pá rẹ̀ tó bọ́ sórí yìnyín sí i, ìyá. Ó dì í mú. Mo fà á títí, agbára mi ò ká a. Ká ní àwa méjì ni…” Ehoro wo Àjàgbé, kò lè parí ọ̀rọ̀ náà.

Obìnrin náà yíjú. “Àjàgbé, ṣé kò pè ọ́ ni?”

“Ó pè mí, ìyá.”

“O gbọ́?”

“Mo gbọ́.”

Kò ṣépè. Ó tu koríko ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, ó sì kọrí sí odò.

Gbogbo wọn ló tẹ̀ lé e, tẹtu tehoro. Odò ti dì padà, ó ń dán. Wọ́n fi pátákó gbẹ́ ẹ títí pátákó fi ṣẹ́. Nígbà tí oòrùn wá mú gan-an tí yìnyín yọ́, tí odò ń ṣàn, wọ́n wá etí rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọn ò rí nǹkan kan.

Láti ìgbà náà ni ẹtu kò ti lè wo ojú ẹtu mọ́. Oníkálùkù ń rò ó pé, “Bó bá jẹ́ èmi ni mo ṣubú, ta ni yóò dúró dè mí?” Ọ̀kan lọ, òmíràn lọ, títí agbo fi tú. Àbúrò Àjàgbé pàápàá, ẹni tó torí rẹ̀ sáré, kò gbà láti rìn tẹ̀ lé e mọ́.

Àjàgbé ń dá gbé inú igbó. Bó bá ń sáré, yóò gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Yóò dúró, yóò wẹ̀yìn, koríko lásán ni yóò rí. Àwọn ọmọ tó bí rí i títí, ó di bárakú fún wọn. Wọn ò mọ ẹni tí bàbá wọn ń wá. Bẹ́ẹ̀ ló sì dúró lọ́jọ́ kan, níbi tí kò yẹ kó dúró, tí ọfà ọdẹ fi bá a.

Láti ọjọ́ odò náà ni ẹtu ti ń dá jẹ̀, tó ń dá sùn. Bí ajá ọdẹ bá lé e, yóò sáré díẹ̀, yóò dúró, yóò yí ọrùn padà wo ẹ̀yìn. Ọdẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kì í da ara rẹ̀ láàmú láti sá tẹ̀ lé e. Yóò kàn gbé ìbọn sójú, yóò sì dúró dè é.