Pijó Tó Ń Kọrin Gun Òkè Ẹ̀fọ̀n

Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà nìyí: Fáṣọ̀rántì mẹkáníìkì, tó ń wa ọkọ̀, Yèyé Ọmọ́yájowó, ìyá rẹ̀, ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Ìbíwùmí, ọmọ Fáṣọ̀rántì, Súbérù fọkanáísà, ọ̀rẹ́ Fáṣọ̀rántì tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, àti àkùkọ kan tí Yèyé dè lẹ́sẹ̀ fún àwọn ará ilé bàbá rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn.

Ó lé ní ogójì ọdún tí Yèyé ti fi ojú kan Ẹ̀fọ̀n-Aláayè kẹ́yìn, ìlú tí wọ́n bí i sí. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wú, ohun kan ṣoṣo ló ń tọrọ: kí òun rí ojúlé bàbá òun lẹ́ẹ̀kan sí i kí òun tó lọ. Fáṣọ̀rántì ní òun ni yóò gbé e láti Iléṣà, nínú Pijó tí òun fi ọwọ́ ara òun tún ṣe.

Epo wọ́n nígbà náà. Fáṣọ̀rántì yọ jẹ́ẹ̀tì inú kabúrétọ̀, èyí tí epo ń gba ihò rẹ̀ wọlé, ó sì fi èyí tí ihò rẹ̀ kéré rọ́pò rẹ̀. Ni ẹ́ńjìnnì bá fúyẹ́, ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. Inú Fáṣọ̀rántì dùn. Etí ló fi ń mọ àìsàn ọkọ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé etí náà tàn án rí.

Ìbíwùmí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ dé, de ohun kan tó dà bíi pílọ́ọ̀gì mọ́ sálẹ́ńsà. Sẹ́ńsọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ó ń tọ́ èéfín wò, ó sì ń fi nọ́ńbà hàn lójú aago kékeré kan. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i ni epo ń dín, tí afẹ́fẹ́ ń pọ̀.

“Ìbí, ṣé imú lo wá fi sí ìdí ọkọ̀?” Súbérù bi í. “Kí ọ̀fìnkìn má lọ mú un o!”

Ìbíwùmí kò rẹ́rìn-ín. “Bàámi, bí ọkọ̀ bá ń gun òkè, ó yẹ kó wà ní mẹ́tàlá. Lórí òkè kékeré tí a ti dán an wò lánàá, ó ti lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Òùngbẹ epo ń gbẹ ẹ́, iná inú rẹ̀ sì ń gbóná jù. Ẹ jẹ́ ká dá jẹ́ẹ̀tì àtijọ́ padà.”

“Ta ni òùngbẹ ń gbẹ tó ń kọrin? Fetí sílẹ̀ kí o gbọ́ ọ, ọmọ mi.”

Wọ́n kọjá Erin-Ìjẹ̀ṣà, òkè bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ náà kò dún báyẹn rí. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, ó ń dùn, ó ń ga. Yèyé ń pàtẹ́wọ́ sí i, ó ń lé orin ìgbà ọmọge rẹ̀.

“Mẹ́rìndínlógún,” ni Ìbíwùmí wí láti ẹ̀yìn ọkọ̀. “Bàámi, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́.”

Fáṣọ̀rántì gbọ́. Ṣùgbọ́n ó wo ọwọ́ ìyá rẹ̀ tó ń pàdé ara wọn, ó sì tún tẹ̀ ẹ́ sí i.

“Mẹ́tàdínlógún! Ẹ jọ̀ọ́!”

Gbàù! Èéfín bo gíláàsì. Ọkọ̀ náà dúró lójú òkè. Ohun tó ba Fáṣọ̀rántì lẹ́rù jù ni pé ẹ́ńjìnnì náà kò wúkọ́, kò gbọ̀n. Láti inú orin ló ti kú.

Ọkọ̀ agégẹdú ló wọ́ wọn padà sí Iléṣà. Nígbà tí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì, orí písítìn kan, irin tó ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀, ti yọ́ bí òrí. Fáṣọ̀rántì ki ìka bọ̀ ọ́, ìka náà yọ lódìkejì. Kò lè yọ ọ́ padà fún ìgbà díẹ̀. Ńṣe ló ń wò ó.

“Ọ̀fun rẹ̀ ti gbẹ, ó sì ń kọrin fún wa?” Yèyé bi í.

“Yèyé, ẹ dárí jì mí.”

Wọ́n ní kí ọkọ̀ ẹlòmíràn gbé Yèyé lọ, ó kọ̀: ọkọ̀ ọmọ òun ni òun yóò bá dé ilé bàbá òun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi wá ẹ́ńjìnnì mìíràn. Yèyé lo méjì péré nínú rẹ̀ láyé.

Ibẹ̀ ni àwọn àgbà agboolé wa ti mú un tí wọ́n fi ń pa á lówe pé: orin dídùn kò ní kí ọ̀nà ọ̀fun má gbẹ. Ìwọ Mojírọ́lá, ọmọ Ìbíwùmí, bí o bá bá ẹni tó ń kọrin, kọ́kọ́ bu omi fún un.