Oyè Kẹjọ Bíṣọ́ọ̀bù Ọlátẹ́jú

Ẹni tó bá ń fojú tín-ín-rín agbálẹ̀, kó gbọ́ ti Ìyá Fàdérera, opó tó ń gbálẹ̀ ìjọ Òkè Ìtura. Oyè méje ni Bíṣọ́ọ̀bù Ọlátẹ́jú, olórí ìjọ náà, jẹ níbẹ̀, ìyá sì gbàgbé mẹ́fà níbi tó ti ń gbàdúrà fún un. Inú bí Bíṣọ́ọ̀bù, ó ní kó wá oyè kẹjọ wá tó bá di Ọjọ́ Ìsinmi, oyè inú Bíbélì tó ga ju méjèèje lọ, tí olórí ìjọ kankan nílùú kò tíì jẹ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó kó ẹrù kúrò nínú yàrá tí ìjọ fún un. Ìyá ní, “Mo gbọ́, Bàbá.” Nígbà tí ọjọ́ pé, ó gbé abọ́ ńlá kan tí aṣọ funfun bò wọ ṣọ́ọ̀ṣì níwájú gbogbo ìjọ, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Bàbá, mo ti rí i. Ọba a máa dé adé, bíṣọ́ọ̀bù a máa mú ọ̀pá. Ṣé ẹ ó lo ohun èlò oyè yìí náà níwájú ìjọ?” Bíṣọ́ọ̀bù ti dìde, ó ní, “Mo gbà! Kí lorúkọ rẹ̀?” “Ìránṣẹ́ ni, Bàbá. Jésù ní ẹni tó bá fẹ́ ṣe olórí, kó ṣe ìránṣẹ́ gbogbo yín. Mo yí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ìlú yìí ká, n kò rí ẹni tó ń du oyè náà.” Ló bá ṣí aṣọ: omi àti tówẹ́ẹ̀lì ló wà níbẹ̀, irú èyí tí Jésù fi fọ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù wo omi, ó wo ìyá, ó bú sẹ́rìn-ín títí fìlà fi ṣí lórí rẹ̀. Ó ká apá ẹ̀wù sókè, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹsẹ̀ ta ni kí n kọ́kọ́ fọ̀?” Ìyá bọ́ sálúbàtà rẹ̀, ó ní, “Tèmi ni, Bàbá. Òun ló rìn kiri wá oyè náà fún yín.”