Ta Ni Yóò Bá Ọ̀kẹ́rẹ́ Gbè É?

Ààlọ́ o! Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbè é dáadáa, torí Ọ̀kẹ́rẹ́ inú àlọ́ mi kò lẹ́ni tó ń bá a gbè é.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ka iṣu fún àwọn ẹranko. Ó ka ti Erin, ó jẹ́ ọgọ́rùn-ún. Ó tún un kà, ó jẹ́ àádọ́rùn-ún. Ó kà á lẹ́ẹ̀kẹta, ó di ọgọ́fà. Kò sẹ́ni tó lè bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Erin bínú lọ.

Ọ̀kẹ́rẹ́ bá sọdá odò lọ bá Òkété, tí òun náà ń ka iṣu. Ó ní, "Jẹ́ ká da iṣẹ́ wa pọ̀. Èmi á máa kà, ìwọ á máa yẹ̀ ẹ́ wò. Orúkọ rẹ ni kó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ wa."

Láti ìgbà náà, bí Ọ̀kẹ́rẹ́ bá kà tán, á kọrin pé, "Ṣé ó pé?" Òkété á gbè é pé, "Ó pé pérépéré!"

Òkété ti kú. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀kẹ́rẹ́ ṣì ń kà, ó ṣì ń kọrin, lẹ́yìn náà á dákẹ́, á máa retí.

Ẹ̀yin ọmọ, ó ti dákẹ́ báyìí. Ẹ bá a gbè é.