Ìka Tó Bọ́ Sódò

Ìdí la ti ń gungi, a kì í ti òkè gùn ún.

Ẹ̀ṣọ́ igbó ni Àbẹ̀ní. Lọ́jọ́ tí ara ọmọ rẹ̀ kò yá, ó bẹ Fágbàmílà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kó wọ igbó dípò òun. Nígbà tó yá, Fágbàmílà ké sí i lórí rédíò pé ẹsẹ̀ òun ti kán. Ó ka nọ́ńbà méjì tó tọ́ka ibi tó wà lórí máàpù, ohùn rẹ̀ sì dákẹ́.

Àbẹ̀ní sáré dé ọ́fíìsì, ó fi ìkánjú tẹ́ máàpù síwájú ọ̀gá wọn. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ló fi wọ́ ìka gòkè lórí rẹ̀, ìkejì ló fi wọ́ ọ lọ sápá ọ̀tún. Àárín odò ńlá ni ìka bọ́ sí. Ó bú sẹ́kún.

"Odò ti gbé e lọ, ọ̀gá. Èmi ni mo rán an."

Ọ̀gá wọn rọra di ìka náà mú. "Bàbá rẹ tó ń gun ọ̀pẹ, ṣé òkè ló ti ń bẹ̀rẹ̀?"

"Rárá, sà. Á kọ́kọ́ rìn dé ìdí rẹ̀ ná."

"Ó dáa, rìn débẹ̀."

Ó fi ìka rìn nísàlẹ̀ máàpù dé nọ́ńbà àkọ́kọ́, kó tó gòkè lọ bá ìkejì. Ẹ̀gbẹ́ àpáta kan ni ìka dúró sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bá Fágbàmílà, ó fẹ̀yìn ti àpáta. Ó bi Àbẹ̀ní pé kí ló dé tójú rẹ̀ pọ́n.

"Mo ti sin ọ́ sódò," ni Àbẹ̀ní wí, "kí n tó rántí ìdí ọ̀pẹ."