Ìdí Tí Nọ́sù Mọ́tò Kì Í Fi Dáhùn Pé “A Dúpẹ́”

Nígbà láéláé, gbogbo ohun tó wà lára mọ́tò ló ń fọhùn bí èèyàn. Táyà ń ráhùn. Fèrè ń bú ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Bẹ́líìtì ń kọrin láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ orin í kọ.

Mọ́tò Ìyá Àyọ̀ká ti dàgbà nígbà náà. Ká ní èèyàn ni, à bá máa dọ̀bálẹ̀ kí i. Nọ́sù mẹ́rin ló ń gbé inú rẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti máa fín epo wẹ́wẹ́ sínú ẹ́ńjìnì, bí ẹni tó bu omi sẹ́nu tó ń fẹ́ ẹ sára aṣọ tó fẹ́ lọ̀.

Dáódù ni àgbà wọn. Ìkejì tẹ̀lé e, Ìkẹta tẹ̀lé Ìkejì, Àbígbẹ̀yìn ló kẹ́yìn. Ọjọ́ kan náà ni gbogbo wọn délé ayé. Ṣùgbọ́n Dáódù ni wọ́n kọ́kọ́ dè mọ́ ẹ́ńjìnì, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Bí wọ́n bá bi àwọn nọ́sù ní nǹkan, òun nìkan ló ń dáhùn. Ẹnu àgbà ni obì ti ń gbó.

Ìyá Àyọ̀ká ní ìwà kan. Kì í ra epo àfi tí táǹkì bá fẹ́ gbẹ. Lọ́jọ́ kan, ìdọ̀tí tó ti ń sùn nísàlẹ̀ táǹkì láti ọjọ́ pípẹ́ jí, ó gbọn ara nù, ó bá epo rìn. Ó kan Asẹ́ Epo lẹ́nu ọ̀nà. Asẹ́ ti gbó, wọn ò sì pààrọ̀ rẹ̀ rí.

“Ta nìyẹn?” ni Asẹ́ bi í.

“Àlejò ni.”

“Ẹ máa kọjá o jàre. Ojú ò ríran mọ́.”

Báyìí ni ìdọ̀tí ṣe há sí Ìkẹta lọ́fun, ahọ́n rẹ̀ kò sì lè gbéra mọ́.

Hà! Mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n! Ó gbọ̀n débi pé eyín Ìyá Àyọ̀ká ń lu ara wọn. Nígbà tó dé ẹsẹ̀ òkè, ó húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Wọ́n tì í dé ọ̀dọ̀ Ṣówándé, mẹkáníìkì.

Ṣówándé ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó bẹ̀rẹ̀.

“Ẹ̀yin nọ́sù, ẹ kú ilé o. Ṣé àlàáfíà lẹ wà?”

“Àlàáfíà ni,” ni Dáódù wí. “A dúpẹ́.”

“Àwọn àbúrò ńkọ́?”

“Wọ́n ń bẹ. A dúpẹ́.”

Ìkejì rọra sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ara Ìkẹta ò yá.”

“Gbẹ́nu dákẹ́! Ṣé ojú àlejò la ti ń ka àìsàn ilé? Wọ́n kí wa, a dáhùn. Kí ló tún kù?”

Ṣówándé gba ọ̀rọ̀ àgbà gbọ́. Ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Púlọ́ọ̀gì ń ké pé, “Kí lèmi ṣe?” Mọ́tò ṣì ń gbọ̀n. Ó pààrọ̀ wáyà, ó pààrọ̀ bátìrì. Díẹ̀ ló kù kó pààrọ̀ Ìyá Àyọ̀ká fúnra rẹ̀. Mọ́tò ń gbọ̀n.

“Ṣówándé, ó tó,” ni Ìyá Àyọ̀ká wí. “Mo ti ránṣẹ́ sí Oníkòkò.”

Oníkòkò ni ẹni tó ń yọ́ ẹ́ńjìnì àtijọ́ fi rọ ìkòkò. Ó dé tòun ti òòlù, ó kan ẹ́ńjìnì kó, kó, ó fetí sí i.

“Ìkòkò ọbẹ̀ gidi wà níbí,” ló wí.

“Ìkòkò kẹ̀?” ni Dáódù kígbe. “Èmi?”

“Ìwọ kéré. Etí ìkòkò ni wàá jẹ́.”

Ìyá Àyọ̀ká yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń fọwọ́ pa mọ́tò náà lára. “Òun ló gbé mi lọ bí Àyọ̀ká,” ló wí. “Òun náà ló gbé àwa méjèèjì wálé.”

Oníkòkò gbé òòlù sókè!

“Ẹ dúró!” Àbígbẹ̀yìn ni, ẹni tí kò sọ̀rọ̀ rí. “Irọ́ ni Ẹ̀gbọ́n ń pa! Ìkẹta ò lè fín epo mọ́!”

“Ọmọdé ni, ẹ má dá a lóhùn,” ni Dáódù wí. “Àlàáfíà la wà. A dú…” Ó wo òòlù. “A ò dúpẹ́.”

Ṣówándé fò dìde.

“Ó parí! Láti òní lọ, n kò bá àgbà yín sọ̀rọ̀ mọ́. Kálukú ni yóò máa dáhùn fún ara rẹ̀. N kò sì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀, iṣẹ́ ni mo fẹ́ gbọ́. Màámi, ẹ bá mi ṣíná sí mọ́tò!”

Ó mú sikurudiráfà gígùn kan, ó fi ẹnu irin náà lé Dáódù lẹ́yìn, ó gbé etí lé ìdí irin. Ahọ́n Dáódù ń lù: tá-tá-tá-tá! Ìkejì: tá-tá-tá-tá! Ìkẹta: kẹ́kẹ́ pa. Àbígbẹ̀yìn: tátátátátá! Ara ọmọdé.

“Mo ti mú un!” ni Ṣówándé ké.

Ó yẹ wáyà Ìkẹta wò, iná ń dé ibẹ̀. Ó tú u, ó fi oògùn fọ ọ̀fun rẹ̀ títí tó fi ń fín wẹ́wẹ́ bí ìrì. Ó fọ táǹkì. Ó ní kí Asẹ́ lọ sinmi, ó fi ọmọ tuntun sípò rẹ̀. Ìyá Àyọ̀ká yí kọ́kọ́rọ́.

Vùùùù!

Mọ́tò kò gbọ̀n! Ó gun òkè náà bí ẹni tí wọ́n ń lé, Ìyá Àyọ̀ká ń pariwo ayọ̀, gbogbo àdúgbò ń pàtẹ́wọ́. Oníkòkò jókòó sẹ́yìn mọ́tò, òòlù lórí itan. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí ìkòkò ò sí, kí wọ́n kúkú já òun sílé.

Láti ọjọ́ náà ni nọ́sù kò ti fọhùn bí èèyàn mọ́, tí kálukú wọn ń dá ṣe tá-tá-tá tirẹ̀. Láti ọjọ́ náà náà ni mẹkáníìkì ti ń fi sikurudiráfà gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí i tó tẹ etí mọ́ sikurudiráfà lórí ẹ́ńjìnì, ẹ fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Àlàáfíà ló ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn nọ́sù, kò sì sí èyí tó jẹ́ sọ pé òun dúpẹ́.