Ìjàpá, Alága Ẹgbẹ́ Àárín

Ààlọ́ o.
Ààlọ̀.
Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ sún mọ́bí. Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó yà sílé Ìjàpá, ọkọ Yánníbo, ẹni tó fẹ́ dúró síbi méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Erin àti Ẹfọ̀n ń du àga olórí ìlú ẹranko. Erin ní ẹni tó lágbára nìkan ni kó máa mumi lódò. Ẹfọ̀n ní kí ìjọba gba odò, kó máa bu omi fún ẹni tó bá wù ú. Àwọn méjèèjì ti sé ọ̀nà odò títí ìbò á fi kọjá, ọ̀rọ̀ wọn sì sú Ọ̀yà. Òǹgbẹ ń gbẹ àwọn ọmọ ẹ̀ nílé.

Ni Ìjàpá bá dá Ẹgbẹ́ Àárín sílẹ̀. Ó ní, "Kálukú á lómìnira, kálukú á rómi mu. Ẹni tí ò lágbára, ìlú á ràn án lọ́wọ́." Inú Ọ̀yà dùn. Òun, Ọ̀kẹ́rẹ́ àti Ehoro wọ ẹgbẹ́ náà lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí ìbò ku ọ̀la, Ọ̀yà lọ bá Ìjàpá.

"Alága, ẹ̀yìn ta la ó tò sí?"

"Màmá, àárín la wà."

"Mo mọ̀ pé àárín la wà. Odò ńkọ́?"

"A ṣì ń jíròrò lórí ẹ̀."

"Àtìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti bẹ̀rẹ̀ lẹ ti ń jíròrò."

"Ẹ ní sùúrù. Òṣèlú ò dà bíi koríko tẹ́ ẹ̀ ń jẹ."

Ọ̀yà ò mọ̀ pé Erin ti ṣèlérí iṣu fún Ìjàpá, Ẹfọ̀n ti ṣèlérí ẹ̀wà, Ìjàpá sì ti búra fáwọn méjèèjì pé ẹ̀yìn wọn lòun ó tò sí.

Lọ́jọ́ ìbò, kálukú tò sẹ́yìn ẹni tó fẹ́. Ìlà méjèèjì gùn dọ́gba. Gbogbo ojú wá dọ̀dọ̀ Ẹgbẹ́ Àárín. Ni Ìjàpá bá dùbúlẹ̀ gbalaja: orí ẹ̀ ń bẹ lẹ́yìn Erin, ìdí ẹ̀ ń bẹ lẹ́yìn Ẹfọ̀n.

Ọ̀yà ní, "Alága, kí lẹ ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Mò ń ṣe àárín."

Erin ní, "Ọ̀dọ̀ mi lorí ẹ wà. Tèmi ni ẹ́." Ó fa orí.

Ẹfọ̀n ní, "Ibi téèyàn bá gbé ìdí sí ló wà." Ó fa ìdí.

Ọrùn Ìjàpá ń gùn bọ̀. Ọ̀yà mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ará Ẹgbẹ́ Àárín, ẹ jẹ́ ká fi alága sílẹ̀ níbẹ̀. Erin, Ẹfọ̀n, ẹ gbọ́. Ẹni tó bá ṣí odò fún gbogbo wa, tí ò lé ẹnì kankan, ẹ̀yìn ẹ̀ la ó tò sí."

Ẹfọ̀n wo ìlà tiẹ̀, ó wo ti Erin. Ó ní, "Mo gbà."

"Ẹ kọ́kọ́ ṣí i ná."

Ẹfọ̀n ṣí i. Àwọn ọmọ Ọ̀yà mumi yó, ìyá wọn tó wá kó ẹgbẹ́ tò sẹ́yìn Ẹfọ̀n. Inú bí Erin, ó jọ̀wọ́ orí Ìjàpá lójijì. Fìrì, ọrùn wọnú ìkarahun lọ.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí Ìjàpá bá ti rẹ́ni tó ń bọ̀, á fa orí wọlé. Ó rò pé wọ́n fẹ́ bi òun léèrè ibi tóun wà ni.

Ibí ni mo sọ àlọ́ mi kalẹ̀ sí. Tí mo bá bu irọ́ mọ́ ọn, kí ahọ́n mi má lè pe orúkọ mi lọ́la.