Orin Tí Wọ́n Yọ Orúkọ Ìyá Kúrò Nínú Rẹ̀

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

Ìyá Àgbà fi àtẹ́lẹwọ́ nu àpótí kó tó jókòó. Àwọn ọmọ agboolé sún mọ́ ọn.

"Àlọ́ mi rọra yà lójú ọ̀nà, ó wọ ilé obìnrin kan tó ń hun ẹní."

Ní ìgbà kan rí, obìnrin kan wà ní ìlú Àjádé, Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀. Ẹní òòrè ló ń hun. Ó ti bímọ rí, àwọn ọmọ náà kò dúró. Èyí tó dúró ni Málọmọ́. Málọmọ́ kò tíì mọ ọ̀rọ̀ í sọ délẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ orin í kọ.

Ní ìlú náà, bí obìnrin bá bímọ, yóò ṣe orin kan fún ọmọ rẹ̀, yóò fi orúkọ ara rẹ̀ àti ibi tí ilé rẹ̀ wà sínú orin náà. Bí ọmọ bá sọnù, orin yẹn ni yóò máa kọ. Ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tí orin dárúkọ. Ènìyàn mọ àṣà yìí, ẹranko mọ̀ ọ́n, ẹyẹ náà mọ̀ ọ́n.

Orin Málọmọ́ nìyí. Ẹ bá mi gbè é.

Ta ló bí mi o?
*Rọra máa bọ̀.*
Àwẹ̀ró ló bí mi.
*Rọra máa bọ̀.*
Níbo nilé wa o?
*Rọra máa bọ̀.*
Ìdí ìyeyè l'Ájàádé.
*Rọra máa bọ̀.*

"Ó dùn," Kúnmi sọ láàárín àwọn ọmọ.

Ó dùn. Dídùn rẹ̀ ló fa wàhálà.

Odídẹrẹ́ wà lórí igi ìyeyè lọ́jọ́ kan, ó ń jẹ èso, ó ń ju kóró rẹ̀ sílẹ̀. Ó gbọ́ orin. Kò jẹun mọ́.

"Àwẹ̀ró, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n máa kọ orin yín kiri."

"Orin ọmọdé yìí náà?"

"Òun gan-an. Èmi kì í rí orin ṣe. Ohùn nìkan ni mo ní."

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín. "Máa kọ ọ́. Orin kì í tán lẹ́nu. Ṣùgbọ́n má yọ orúkọ mi. Ọ̀nà ilé ọmọ mi ni."

"Mo ti gbọ́, ìyá."

Ó sì kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kọ ọ́ lọ́jà, ó kọ ọ́ lóko, ó kọ ọ́ níbi ìkómọ. Ṣùgbọ́n bó bá ti kọ ọ́ tán, àwọn ènìyàn á ní, "Ta ni Àwẹ̀ró yìí? Ó lọ́pọlọ o." Wọn kì í béèrè ẹni tó ń kọ ọ́.

Ó dun Odídẹrẹ́. Nígbà tó dé ìlú Ìgbẹ́dò, níbi tí wọn kò ti mọ Àwẹ̀ró rárá, ó yí i padà.

Ta ló lorin o?
*Rọra máa bọ̀.*
Odídẹrẹ́ ló lorin.
*Rọra máa bọ̀.*
Níbo nilé rẹ̀ o?
*Rọra máa bọ̀.*
Orí ìrókò n'Ígbẹ́dò.
*Rọra máa bọ̀.*

"Ká ní èmi ni Àwẹ̀ró, n ó fà á níyẹ̀ẹ́," Ọláìyá sọ.

"Àwẹ̀ró kò gbọ́. Ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀ ló máa ń gbọ́ kẹ́yìn."

Orin náà tàn ká gbogbo ilẹ̀ yẹn. Gbogbo ọmọdé ló ń kọ ọ́.

Nígbà ọyẹ́, Àwẹ̀ró lọ gé òòrè létí odò, ó mú Málọmọ́ dání. Kùrukùru bo ilẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gé ìdì kan. Nígbà tó gbé orí sókè, kò rí ọmọ. Ó pè é títí, odò nìkan ló ń dáhùn.

Málọmọ́ ti bọ́ sójú ọ̀nà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ní bàtà, ìkejì kò ní. Ó pàdé àwọn obìnrin tó ru igi. Ó ṣe bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó kọrin rẹ̀.

Àwọn obìnrin náà dúró, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ wo ọmọ yìí. Ó ń ṣi orin kọ."

"Ọmọ dáadáa, kì í ṣe Àwẹ̀ró. Odídẹrẹ́ ni wọ́n ń wí níbẹ̀. Tún un kọ."

Ó tún un kọ. Ó tún dárúkọ Àwẹ̀ró.

"Etí rẹ̀ le o. Ṣebí ilé ìyá rẹ̀ ò lè jìnnà." Wọ́n fún un ní ẹ̀pà, wọ́n bá tiwọn lọ.

Ẹtu ló rí i lẹ́yìn wọn, tó ń sunkún. Ẹtu ní ojú àánú. Ó gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀, ó rò pé ọmọ ló ṣi orúkọ pè. Òun náà mọ orin Odídẹrẹ́, ó sì mọ àṣà. Ó ní, "Ẹni tó lorin ló lọmọ." Ó gbé Málọmọ́ sẹ́yìn, ó kọjú sí Ìgbẹ́dò, ó kẹ̀yìn sí Àjádé.

Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, èrò kún àgbàlá ọba. Ọba fẹ́ fi ìlẹ̀kẹ̀ olórí akọrin sí Odídẹrẹ́ lọ́rùn.

"Kábíyèsí," Ẹtu sọ, "ọmọ yìí sọnù. Orin Odídẹrẹ́ ló ń kọ."

Ọba yíjú. "Odídẹrẹ́, ṣé o mọ ọmọ yìí?"

Odídẹrẹ́ mọ̀ ọ́n. Bó bá ní òun mọ̀ ọ́n, wọn yóò béèrè ìyá rẹ̀. Bí wọ́n bá béèrè ìyá rẹ̀, wọn yóò béèrè ẹni tó lorin. Ìlẹ̀kẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ọba.

"Kábíyèsí, mi ò mọ̀ ọ́n. Gbogbo ọmọdé ló ń kọ orin mi."

Ọláìyá ń fi igi ha ilẹ̀.

Ẹtu kò mọ ohun tí ì bá ṣe. Àwọn oníṣòwò kan tó ń lọ sílùú òkè ní àwọn yóò máa béèrè ìyá rẹ̀ lọ́nà. Ó fa ọmọ lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n lọ.

Àwẹ̀ró wá a láti abúlé dé abúlé. "Ẹ jọ̀ọ́, ǹjẹ́ ẹ gbọ́ ọmọ kan tó ń kọrin báyìí?"

"Ìyá, ọmọ wo ni kì í kọ ọ́?"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dá a lóhùn, títí ó fi dé Ìgbẹ́dò. Ó rí Odídẹrẹ́ pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀.

"Ṣé o rí Málọmọ́?"

"Wọ́n mú un wá síwájú mi, ìyá."

"Kí lo wí?"

"Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n."

Àwẹ̀ró kò bú u. Ó tún ìró rẹ̀ so. "Ọ̀nà wo ni wọ́n mú un gbà?"

Ó nawọ́ ìyẹ́ sí ọ̀nà òkè. Àwẹ̀ró gba ibẹ̀ lọ.

Ọba gbọ́, ó gba ìlẹ̀kẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ kọ́ ló sọnù. Odídẹrẹ́ fò kiri gbogbo ìlú, ó ń kọ orúkọ Àwẹ̀ró padà sínú orin. Àwọn ènìyàn ní, "O ti ń ba orin jẹ́. Bí a ṣe mọ̀ ọ́n kọ́ nìyẹn."

"Ṣé wọ́n padà rí Málọmọ́?" Kúnmi béèrè.

"Ẹni tó pa á fún mi kò sọ pé wọ́n rí i."

Ẹ̀yin ọmọ, yíyá orin kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àwẹ̀ró fi tirẹ̀ yá ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ orin ẹlòmíì, ẹ dárúkọ ẹni tó ṣe é. Ẹ ò mọ ẹni tó fẹ́ fi orúkọ yẹn wálé.

Ibi tí àlọ́ mi sùn sí nìyí. Ẹnu ìyá mi ni mo ti gbà á. Bí mo bá sọ ọ́ di tèmi, kí ohùn mi há sí mi lọ́fun.